Ta Ni Ọ̀tá Nínú Ìwé Ìtàn Aláwòrán Wa?

Ní Dọ̀pẹ̀mú, ọ̀nà méjì ló pàdé lábẹ́ afárá. Ọ̀kan wá láti Agége, ó kọjá sí Akówónjò àti Ẹgbẹ́dá. Èkejì ni òpópónà márosẹ̀ tó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta. Láti ìdájí títí di alẹ́ ni èrò ń wọ ọkọ̀ níbẹ̀: àwọn tó ń lọ sí Ìyànà Ìpájà, àwọn tó ń lọ sí Sángò, àti àwọn tí Abẹ́òkúta gan-an jẹ́ òpin ìrìn wọn. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá ti dá ọkọ̀ dúró, ojú àwọn ọ̀dọ́ inú rẹ̀ á lọ sórí fóònù. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń wo fídíò apanilẹ́rìn-ín. Àwọn mìíràn ń ka ìtàn aláwòrán, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí kọ́míìkì.

Irú ìtàn kan wà tí kì í tán lọ́wọ́ àwọn tó ń ya kọ́míìkì. Ayé ti dojú rú. Orílẹ̀-èdè alámùúlétì ti kó ogun wọ̀lú. Àwọn aláṣẹ ti sá, tàbí kí wọ́n ti tẹrí ba fún ẹni tó ṣẹ́gun. Iná ń jó ní ọjà. Àwọn ènìyàn díẹ̀ sì ti kọ̀ láti sìnrú, wọ́n di ajàjàgbara, wọ́n ń jà láti inú igbó àti láti abẹ́ ilẹ̀. Ẹni tó ń kà á lè rò pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú ni, tàbí ti ìlú òkèèrè. Bẹ́ẹ̀, níbi tí òpópónà tó gba Dọ̀pẹ̀mú kọjá parí sí, irú ìtàn yìí ti ṣẹlẹ̀ rí. Ó ní ọjọ́, ó ní orúkọ, ó sì ní ẹnubodè tí wọ́n ti jà á. Ìtàn náà ni mo fẹ́ kí a jọ wò, kí a sì bi ara wa léèrè ohun tó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ yà á ní àwòrán kọ́kọ́ rò.

Láti Atọ́ka dé Ìyanu

Fífi àwòrán tẹ̀lé àwòrán láti sọ ìtàn kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Ní ọdún 1967 ni ìwé ìròyìn Atọ́ka bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní Èkó. Fọ́tò àwọn òṣèré tíátà alárìnjò ni wọ́n ń tò sínú rẹ̀, wọ́n á wá kọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sí ara fọ́tò ní èdè Yorùbá. Ẹni tí kò rí eré náà wò ní gbọ̀ngàn á rà á, á sì kà á bí ẹni tó jókòó sí iwájú ìtàgé.

Ní ìgbà tiwa yìí, orúkọ tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ mọ̀ ni ti Roye Okupe, ọmọ tí wọ́n bí ní Èkó tó fi Amẹ́ríkà ṣe ibùgbé. Ní ọdún 2015, ó gbé E.X.O. jáde, ìtàn Wale Williams, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí jà ní ìlú kan tó fara jọ Èkó. Ní ọdún 2017, ó gbé Malika jáde, ìtàn ọbabìnrin ajagun kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, tí ilẹ̀ ọba ńlá láti Ṣáínà dìde sí. Ní ọdún 2021 ni Ìyanu tẹ̀lé e, èyí tí Godwin Akpan ya àwòrán rẹ̀. Ọmọbìnrin aláìlóbìí kan ni Ìyanu, ìlú Ẹ̀lú tí ògiri yí ká ló ń gbé, nítorí pé àwọn ẹranko tó ti yí padà di ẹhànnà ti gba gbogbo ẹ̀yìn odi. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, wọ́n gbé ìtàn náà sórí tẹlifíṣọ̀n gẹ́gẹ́ bí àwòrán tó ń rìn, àwọn ọmọdé ilẹ̀ òkèèrè sì ń gbọ́ orúkọ Yorùbá nínú rẹ̀.

Ẹ kíyè sí ògiri Ẹ̀lú yẹn. Nínú àròsọ, ẹranko ló wà lẹ́yìn ògiri. Ní Abẹ́òkúta, ènìyàn bíi tiwa ni.

Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta, ọdún 1851

Àwọn tó tẹ Abẹ́òkúta dó ní ọdún 1830 kì í ṣe ajagunṣẹ́gun. Àwọn tí ogun lé kúrò ní ìlú wọn ni wọ́n. Ogun ti tú àwọn ìlú Ẹ̀gbá ká ní inú igbó, Ṣódẹkẹ́ ló ṣáájú àwọn tó kù wá sí ìdí àpáta Olúmọ. Ìlú àwọn olùwásáàbò ni, ó sì ń dàgbà lójoojúmọ́. Wọ́n mọ odi yí i ká, wọ́n gbẹ́ yàrà sí ìdí odi náà.

Ní ìwọ̀-oòrùn wọn ni ilẹ̀ ọba Ìdàhọ̀mì wà, tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Àgbómì. Ọba Gezo ló wà lórí ìtẹ́. Iṣẹ́ ogun ni iṣẹ́ ìjọba rẹ̀, nítorí pé àwọn tí wọ́n bá kó lójú ogun ni wọ́n ń tà fún àwọn ọkọ̀ ojú omi tó ń kẹ́rù lọ sí òkè òkun. Ní ọdún 1848, ogun Ìdàhọ̀mì fọ́ Òkè-Ọ̀dàn. Ẹni tó bá ń gbé ní Abẹ́òkúta nígbà náà kò nílò babaláwo kó tó mọ ìlú tó kàn. Ní oṣù Kìíní ọdún 1851, John Beecroft, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wá kìlọ̀ fún wọn pé ogun ń bọ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún odi ṣe.

Láàárín Àgbómì àti Abẹ́òkúta ni ìlú kékeré kan wà tó ń jẹ́ Ìṣàgá. Ojú ọ̀nà ogun ló wà. Kò ní odi tó lè dá Gezo dúró, kò sì ní ọmọ ogun tó pọ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn ṣe sọ ọ́, àwọn ará Ìṣàgá jáde lọ pàdé ọba náà pẹ̀lú ìtẹríba, wọ́n gbà á lálejò, wọ́n mulẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbà á nímọ̀ràn. Wọ́n ní kí ó má ṣe kọ lu Abẹ́òkúta ní òru, ọ̀sán gangan ni kí ó lọ. Wọ́n ní kí ó má ṣe gba ibi tó ti pinnu láti gbà tẹ́lẹ̀, ẹnubodè Arò ni kí ó dojú kọ. Bí wọ́n ti ń sọ èyí fún Gezo, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rán oníṣẹ́ ní kọ̀rọ̀ lọ sọ fún àwọn Ẹ̀gbá pé ọ̀sán ni, pé Arò ni.

Ibi tí odi ti lágbára jù ni Arò.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta, ogun Ìdàhọ̀mì dé. Wọ́n lé ní 10,000, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ obìnrin, àwọn jagunjagun tí òkìkí wọn kàn kárí ayé. Aṣọ ogun tí ọkùnrin wọ̀ ni obìnrin wọ̀, nítorí náà àwọn Ẹ̀gbá kò mọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ pé obìnrin ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gun odi bọ̀. Ìtàn sọ pé nígbà tí wọ́n mọ̀, inú bí wọn, wọ́n sì túbọ̀ jà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, odi ṣì dúró, Gezo sì ń padà sẹ́yìn. Àwọn Ẹ̀gbá lé wọn títí dé ẹ̀bá Ìṣàgá.

Ohun tí Ìṣàgá san

Bí kọ́míìkì bá wà lórí ogun yìí, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé á ti parí rẹ̀. Ìlú là, ìlù dún, àwọn ọmọdé gun àpáta Olúmọ, wọ́n ń yọ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn kò parí síbẹ̀.

Gezo kú ní ọdún 1858. Glele ọmọ rẹ̀ gorí ìtẹ́, kò sì gbàgbé ohun tí Ìṣàgá ṣe fún bàbá rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 1862, ó kó ogun wá bá wọn. Kò sí imọ̀ràn tí wọ́n lè gbà á mọ́. Wọ́n jó ìlú náà, wọ́n pa àwọn kan, wọ́n dè àwọn tó kù lókùn lọ sí Àgbómì. Abẹ́òkúta tí Ìṣàgá gbà là kò dé láti gba Ìṣàgá là.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹta ọdún 1864, Glele dojú kọ Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀. Odi tún dúró. Ẹ̀tù ìbọn àti ohun ìjà tí Ẹfúnróyè Tinúubú pèsè wà lára ohun tí ìlú náà fi jà, wọ́n sì fi í jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá. Orúkọ Tinúubú wà ní gbàgede ńlá ní Èkó títí di òní. Orúkọ àwọn tó lọ parọ́ fún Gezo kò sí níbi kankan. Ẹ má jẹ́ kí a gbàgbé pé ajàjàgbara ni wọ́n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtẹríba ni ohun ìjà wọn. Irú wọn ni kọ́míìkì tó dára máa ń wá: ẹni tí kò lágbára, tó rẹ́rìn-ín sí akógunjàlú, tó mọ̀ pé lọ́jọ́ kan òun á san án.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá

Bí a bá dúró níbi tí a dé yìí, ìtàn wa rọrùn. Ẹ̀gbá ni ajàjàgbara, Ìdàhọ̀mì ni ọ̀tá, ó parí. Ṣùgbọ́n Yorùbá ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Ní ọdún 2014, àjọ UNESCO gbé ìwé ìtàn aláwòrán kan jáde lórí àwọn obìnrin ológun Ìdàhọ̀mì. Sylvia Serbin ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, Pat Masioni ló ya àwòrán rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nínú ìwé náà, àwọn obìnrin tó gun odi Arò kì í ṣe iwin. Ọmọ ènìyàn ni wọ́n, wọ́n ní ẹ̀kọ́ṣẹ́, wọ́n ní ìgboyà. Ní ọdún 2022 ni fíìmù The Woman King jáde, tí Viola Davis ṣe aṣáájú nínú rẹ̀. Ọdún 1823 ni ìtàn rẹ̀ ti wáyé. Ìdàhọ̀mì ni ajàjàgbara níbẹ̀. Ta wá ni orílẹ̀-èdè alámùúlétì tó ń fìyà jẹ wọ́n, tó gun ẹṣin wọ̀lú wọn, tó ń gba ìṣákọ́lẹ̀? Ọ̀yọ́ ni. Ó ṣòro kí ọmọ Yorùbá wo fíìmù yẹn kó má tún ìjókòó ṣe.

Fíìmù náà fi àròsọ kún un, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ ibẹ̀ yẹn kì í ṣe irọ́. Láti ọdún 1726 ni àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ Ìdàhọ̀mì, Ìdàhọ̀mì sì ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Aláàfin fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí di ìgbà tí Gezo kọ̀. Ọmọ Àgbómì tí wọ́n ń sọ ìtàn yẹn fún á gbọ́ pé Gezo ni olùdáǹdè. Ọmọ Òkè-Ọ̀dàn á gbọ́ pé Gezo ni apanirun. Ènìyàn kan náà ni.

Àwọn Ẹ̀gbá ńkọ́? Ní ọdún 1851 tí wọ́n ń gbèjà odi wọn, àwọn fúnra wọn ti dó ti Adó-Odò láti ọdún 1842, wọn kò sì kúrò níbẹ̀ títí di ọdún 1853. Lójú ọmọ Adó, Ẹ̀gbá ni akógunjàlú. Ní òkè ọ̀hún, láti ọdún 1877, àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà parapọ̀ láti bọ́ àjàgà Ìbàdàn kúrò lọ́rùn, nítorí pé àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ń fìyà jẹ wọ́n nínú ilé wọn. Ogun Kírìjì nìyẹn. Yorùbá ló ja Yorùbá.

Nígbà tó sì di ọdún 1892, Faransé kó ogun wọ Ìdàhọ̀mì. Béhanzin ọmọ Glele jà, àwọn obìnrin ológun wọ̀nyẹn jà títí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ṣubú. Ní ọdún 1894 ni Béhanzin fara rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́, wọ́n sì gbé e lọ sí ìgbèkùn ní erékùṣù Martinique. Àwọn tí ọmọ Ìṣàgá ń pè ní ọ̀tá ti di ajàjàgbara.

Èyí kò túmọ̀ sí pé ẹ̀bi kò sí fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó kó ogun wọ ìlú ẹlòmíràn jẹ̀bi, ẹni tó ta ọmọ ọlọ́mọ jẹ̀bi. Ní ọdún 1860, àwọn ọmọ ogun Ìdàhọ̀mì kọ lu ìlú ọ̀dọ́mọkùnrin Yorùbá kan tó ń jẹ́ Kossola ní ìdájí, wọ́n tà á fún ọkọ̀ Clotilda tó gbé e lọ sí Alabama ní Amẹ́ríkà. Ó gbé níbẹ̀ títí ó fi kú ní ọdún 1935, kò padà sílé mọ́. Ìwé tí Zora Neale Hurston kọ láti ẹnu rẹ̀ kò jáde títí di ọdún 2018. Kò sí àwòrán tó lè mú irú ìwà bẹ́ẹ̀ di ohun tó dára. Ohun tí mò ń sọ ni pé orúkọ tí a ń pe ẹni kan, ajàjàgbara tàbí akógunjàlú, ọwọ́ ohun tó ṣe ni ó wà. Kì í ṣe ọwọ́ èdè tó ń sọ tàbí ìhà ibodè tí wọ́n bí i sí.

Ojú tí a ń ya fún ọ̀tá

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tó ń ya kọ́míìkì lónìí ju bí wọ́n ti lè rò lọ. Ohun tó rọrùn jù lọ nínú àwòrán ni láti ya ọ̀tá láìní ojú. Ya àkẹtẹ̀ irin, ya ìbọ̀jú, ya òjìji dúdú ọgọ́rùn-ún tó ń bọ̀ lórí òkè. Òǹkàwé á kórìíra wọn lójú ẹsẹ̀. Bí orílẹ̀-èdè inú ìtàn náà bá wá jọ ti aládùúgbò wa ńkọ́?

Ẹni tó ń gbé ní Dọ̀pẹ̀mú mọ̀ pé àwọn tí à ń pè ní ará Kútọnu wà láàárín wa. Wọ́n ń mọlé, wọ́n ń tajà, wọ́n ń bá wa gbélé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, Yorùbá ni èdè ìyá wọn. Kétu, ọ̀kan nínú àwọn ìlú aládé àtijọ́ Yorùbá, inú orílẹ̀-èdè olómìnira Benin ló wà lónìí. Ogun Ìdàhọ̀mì fọ́ ọ ní ọdún 1886, wọ́n kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú. Lẹ́yìn tí Ìdàhọ̀mì ṣubú, àwọn tó kù padà wá tún un dó, ẹnubodè ńlá rẹ̀, Àkàbà Ìdẹ̀nà, sì wà níbẹ̀ di ìsinsìnyí. Ọmọ ẹni tó ṣẹ́gun àti ọmọ ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun ń lo ìwé ìrìnnà kan náà. Ẹni tó bá fi gègé rẹ̀ sọ gbogbo ará ìhà ibẹ̀ di ẹranko, ara ilé rẹ̀ ló ń yà bẹ́ẹ̀.

Nǹkan mìíràn tún wà. Àwọn kan nínú àwọn obìnrin ológun Ìdàhọ̀mì jẹ́ ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú láti ìlú mìíràn, tí wọ́n sì kọ́ ní ogun jíjà. Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo ọmọbìnrin kan tí wọ́n kó ní Òkè-Ọ̀dàn. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó dúró sí ìdí odi Arò pẹ̀lú ìbọn, ó ń gbọ́ bí àwọn tó wà lórí odi ṣe ń ké sí ara wọn ní èdè ìyá rẹ̀. Kí ni yóò ṣe? Èmi kò mọ kọ́míìkì ajàjàgbara tí ìbéèrè rẹ̀ le ju èyí lọ, kò sì gba ọkọ̀ òfuurufú tàbí ẹ̀rọ ọjọ́ iwájú kankan.

Èdè tí wọ́n á fi sọ ọ́

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ̀pọ̀ kọ́míìkì tí mo dárúkọ. N kò bá wọn jà, ọjà ńlá ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n ìran kan wà nínú ìtàn Ìṣàgá tí èdè Yorùbá nìkan ló lè gbé e dáadáa, ìyẹn ìgbà tí wọ́n wà níwájú Gezo. Ẹ̀tàn ni wọ́n ń ṣe, ọ̀wọ̀ ni wọ́n sì fi bò ó. Ẹ fojú inú wo àgbàlagbà kan tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tó ń sọ pé, “Kábíyèsí, ọ̀sán ni kí ẹ lọ bá wọn. Oorun ọ̀sán kò gbọdọ̀ fo Ẹ̀gbá.” Gbogbo “ẹ” àti “yín” tó bá jáde lẹ́nu rẹ̀ jẹ́ ìdẹkùn. Ọ̀wọ̀ inú èdè wa, tí a fi ń kọ́ ọmọ nílé, di idà níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó gbọ́ Yorùbá á rí i kó tó yí ojú ìwé.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ jẹ́ ọ̀dọ́, bí àwọn ọmọ bá jókòó ti Ìyanu tàbí kọ́míìkì mìíràn nínú ilé, ẹ jókòó tì wọ́n díẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé: ta ló wà lẹ́yìn ògiri? Kí ló gbé wọn wá? Ta ló sanwó fún ìṣẹ́gun yẹn tí wọn kò dárúkọ? Ìdáhùn wọn á yà yín lẹ́nu. Bí ẹ bá sì ní ọ̀nà, ọkọ̀ wà ní Dọ̀pẹ̀mú tó ń lọ sí Abẹ́òkúta. Ẹ mú wọn gun Olúmọ, kí wọ́n wo ìwọ̀-oòrùn, níbi tí ogun ti wá.

Ní ìhà ibẹ̀ náà ni Ìṣàgá-Orílé wà, ìlú tí àwọn ènìyàn tún padà dó. Bí ẹnìkan nínú ẹ̀yin tó ń kà èyí bá mọ gègé lò, ibẹ̀ ni kí ojú ìwé àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀: òru, fìtílà kan, àgbà mélòó kan tí wọ́n ń gbìmọ̀, ọmọdé kan tó ń fetí kọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọ̀la ni Gezo ń bọ̀. Wọ́n ní láti pinnu ohun tí wọ́n á sọ fún un.